Ìmọ́lẹ̀ Ni Ẹlẹ́rìí Tí Kì í Gba Àbẹ̀tẹ́lẹ̀

 

Lẹ́tà méjì ni mo fẹ́ dáhùn pa pọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kà wọ́n á ní kí ló kan ara wọn, ṣùgbọ́n ìdáhùn kan náà ló ni àwọn méjèèjì. Èkíní wá láti ọwọ́ ìyá olóúnjẹ kan. Ó ní iná gáàsì òun máa ń jó ní àwọ̀ aró, ṣùgbọ́n bí omi iṣu tí òun fi iyọ̀ sí bá ti hó dà sí i báyìí, kíá ni iná á yí padà di ìyeyè. Ó ní ṣé ayédèrú gáàsì ni wọ́n ń tà fún òun ni? Èkejì wá láti ọwọ́ ìyá ọmọ tuntun kan. Ó ní nọ́ọ̀sì sọ pé kí òun má lé tìróò fún ọmọ òun mọ́, pé òjé wà nínú rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní irọ́ ni, pé láti ayébáyé làwọn ti ń lé tìróò, ta ló wá fojú rí òjé nínú rẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ dìjà nínú ilé. Ó ní, "Ẹ bá wa dá sí i, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n?"

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dá ìyá olóúnjẹ lóhùn. Ìyá wa, gáàsì yín ò ní àléébù. Iyọ̀ ló ń pe orúkọ ara rẹ̀ nínú iná yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ rí i dájú, ẹ fi omi ra ẹnu ṣíbí irin kan, ẹ fi kan iyọ̀ díẹ̀, kí ẹ nà án sí ẹ̀gbẹ́ iná tó ń jó ní aró. Lójú ẹsẹ̀ ni iná á di ìyeyè. Ẹ fi kánún ṣe é, ìyeyè kan náà ni. Ìdí ni pé ohun kan wà nínú iyọ̀ tó tún wà nínú kánún. Sódíọ̀mù lorúkọ ẹ̀. Àwọ̀ ìyeyè yẹn ni ìtẹ̀ka rẹ̀, bí èèyàn ṣe ń tẹ̀ka síwèé ní kóòtù. Ibi yòówù kí sódíọ̀mù fara pamọ́ sí, bó bá ti wọná, ó di dandan kó tẹ̀ka.

KÒ SẸ́NI TÓ Ń DÚRÓ LÁÀÁRÍN ÀTẸ̀GÙN

Báwo ló ṣe ń rí bẹ́ẹ̀? Ẹ farabalẹ̀, kò le.

Gbogbo ohun tí ẹ bá fọwọ́ kàn, iyọ̀ ni o, irin ni o, ara èèyàn ni o, àwọn ohun kékeré jojo tí wọ́n ń pè ní átọ̀mù ló para pọ̀ dà á. Átọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní kóró tó wúwo láàárín, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù sì yí kóró náà ká. Kóró ń fà wọ́n mọ́ra, wọn ò lè jìnnà sí i àfi tí ohun kan bá fún wọn lágbára.

Ẹ wá fojú inú wo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Ẹ lè dúró lórí àtẹ̀gùn kìíní, ẹ lè dúró lórí ìkejì, ṣùgbọ́n ta ló lè dúró láàárín méjèèjì, lórí afẹ́fẹ́ lásán? Bí ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù ṣe rí gan-an nìyẹn. Àpèjúwe ni o, kò sí àtẹ̀gùn onísìmẹ́ńtì nínú átọ̀mù. Ìwọ̀n agbára ni mò ń pè ní àtẹ̀gùn. Àwọn ìwọ̀n kan wà tí ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù lè ní, àwọn tó wà láàárín wọn, èèwọ̀ ni.

Ìsàlẹ̀ ló fẹ́ràn láti máa wà. Ṣùgbọ́n bí iná bá gbóná mọ́ ọn, tàbí tí iná mànàmáná bá kọlù ú, á fò gòkè. Kì í pẹ́ lókè. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti já bọ́. Agbára tó gbà fi gòkè ńkọ́? Ó gbọ́dọ̀ dá a padà, ìmọ́lẹ̀ ló sì fi ń san án. Iye tí àtẹ̀gùn kan fi ga ju èkejì lọ, iye yẹn gan-an ló máa san. Kò sí ẹ̀dínwó, kò sí ènì.

Iye owó yẹn ló ń di àwọ̀ lójú wa. Bó bá kéré, pupa la máa rí. Bó bá pọ̀ díẹ̀ sí i, ìyeyè ni. Ó tún pọ̀ sí i, àwọ̀ ewé. Lẹ́yìn náà aró, lẹ́yìn náà àlùkò. Ẹ̀yin onílù á tètè mọ̀ ọ́n: bí awọ gángan ṣe ń le sí i ni ohùn ń lọ sókè, dò, rè, mí. Pupa ni dò, àlùkò ni mí. Ohùn wà tó rẹlẹ̀ ju pupa lọ, ohùn wà tó ga ju àlùkò lọ, ojú wa ni kò gbọ́ wọn.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn ò wá dọ́gba. Háídírójìn, tó wà nínú omi tí à ń mu, ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù 1 péré ló ní. Sódíọ̀mù ní 11, bàbà ní 29, wúrà ní 79, òjé ní 82. Bí kóró ṣe ń fà yàtọ̀, iye ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù tó ń ti ara wọn yàtọ̀, nítorí náà gíga àtẹ̀gùn yàtọ̀ láti ilé dé ilé. Kò sí méjì tí gbogbo àtẹ̀gùn wọn bára mu. Nítorí náà, kò sí méjì tí àwọ̀ tí wọ́n ń san bára mu tán pátápátá.

ẸNI TÓ MỌ GBÈSÈ ÌṢIRÒ Á MỌ ÈYÍ

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti háídírójìn, torí ó rọrùn jù. A ó fi gbèsè ṣe é, ọlọ́jà ò ní ṣìnà níbẹ̀. Ká ní ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù jẹ kóró ní gbèsè. Bó bá wà ní àtẹ̀gùn kìíní, gbèsè rẹ̀ jẹ́ 13.6. Ìwọ̀n kékeré kan tí àwọn onímọ̀ ń lò la fi ń kà á, kì í ṣe náírà o. Ní àtẹ̀gùn kejì, ẹ fi 4 pín 13.6, ó ku 3.4. Ní ìkẹta, ẹ fi 9 pín in, ó ku 1.51. Ní ìkẹrin, ẹ fi 16 pín in, ó ku 0.85. Ẹ rí i pé bí a ṣe ń gòkè ni gbèsè ń fúyẹ́, tí àtẹ̀gùn sì ń súnmọ́ ara wọn.

Bó bá wá já bọ́ láti ìkẹta sí ìkejì, gbèsè rẹ̀ lọ láti 1.51 sí 3.4. Ẹni tó bá kún gbèsè, owó ti bọ́ sí i lọ́wọ́ nìyẹn. 3.4 yọ 1.51, ó ku 1.89. Iye yẹn ló máa jù dà nù bí ìmọ́lẹ̀, pupa sì ni. Bó bá já láti ìkẹrin sí ìkejì, 2.55 ni, aró tó fara pẹ́ àwọ̀ ewé. Kò lè san 2 géérégé, kò lè san 2.3, torí kò sí àtẹ̀gùn tó bá iye yẹn mu. Bí ẹ bá jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ háídírójìn gba ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá, tí ẹ wá fi dígí onígun mẹ́ta tú u ká bí òṣùmàrè, ẹ ò ní rí òṣùmàrè odindi. Ìlà pupa kan, ìlà aró kan, àti àwọn mìíràn lápá àlùkò lẹ máa rí, òkùnkùn sì wà láàárín wọn.

Ti sódíọ̀mù inú iyọ̀ ńkọ́? Èyí tó rọrùn jù fún un láti fò àti láti já jẹ́ bíi 2.1, ìyeyè sì ni 2.1. Ìdí abájọ nìyẹn, ìyá olóúnjẹ.

Mo mọ̀ pé alágbẹ̀dẹ kan á ti máa bínú báyìí. Á ní, "Ẹ̀yin akọ̀wé, irin pọ́n nínú iná mi, bàbà náà pọ́n, àwọ̀ wọn sì jọra. Ìtẹ̀ka wo lẹ̀ ń sọ?" Ọ̀gá, òótọ́ lẹ sọ. Ẹ dúró ní òkèèrè kẹ́ ẹ gbọ́ ariwo ọjà. Gbogbo ohùn ti pọ̀ mọ́ra, wọ̀ọ̀ lẹ máa gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kiri ẹ̀kọ tútù ládùúgbò ní ìdájí, òun nìkan, ẹ ó mọ ohùn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dìde lórí ẹní. Nínú irin tó le, átọ̀mù fún pọ̀ mọ́ra, wọ́n ń ti ara wọn, àtẹ̀gùn wọn dàrú mọ́ra, gbogbo àwọ̀ ló ń jáde pọ̀. Ìgbà tí nǹkan bá di ooru, tí átọ̀mù kọ̀ọ̀kan jìnnà síra, la tó lè gbọ́ ohùn ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ooru iyọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ nínú iná gáàsì, kì í ṣe hóró iyọ̀.

ỌMỌ IṢẸ́ TÍ ILÉ WÓ LÙ

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ gbọ́ èyí. Ẹni tó kọ́kọ́ ka àwọn ìlà yìí dáadáa kì í ṣe ọmọ olówó. Joseph Fraunhofer lorúkọ ẹ̀, ọmọ Jámánì, wọ́n bí i ní 1787. Bàbá àti ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọdé, wọ́n sì mú un lọ kọ́ iṣẹ́ dígí nílùú Munich. Ní 1801, ilé tó ń gbé wó lu òun àti àwọn ará ilé. Wọ́n wà á jáde láàyè. Ọba àdúgbò yẹn, Maximilian, fún un lówó, ó sì fi lépa ìmọ̀ àti irinṣẹ́. Ó di ọ̀gá pátápátá nínú iṣẹ́ dígí, débi pé ní 1814, nígbà tó fi dígí tirẹ̀ tú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ká, ó rí ohun tí ẹlòmíràn ò rí tó bẹ́ẹ̀: ìlà dúdú tó lé ní 500 wà láàárín òṣùmàrè náà. Àwọ̀ kan ń sọnù nínú oòrùn! Ó ya ọ̀pọ̀ nínú wọn sínú ìwé, ṣùgbọ́n kò mọ olè tó ń jí àwọ̀ yẹn títí tó fi kú ní 1826, lẹ́ni ọdún 39.

Ní 1859, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì nílùú Heidelberg, Gustav Kirchhoff àti Robert Bunsen, mú olè náà. Wọ́n ń fi oríṣiríṣi nǹkan sínú iná tí kò ní àwọ̀, wọ́n ń wo ìlà tó ń yọ. Ìlà ìyeyè méjì tó súnmọ́ra ni sódíọ̀mù ń yọ. Ibi tí ìlà méjì yẹn wà gẹ́lẹ́ ni ìlà dúdú méjì kan wà nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ọ̀rọ̀ náà wá yé Kirchhoff. Ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti inú oòrùn gba àárín ooru tó tutù díẹ̀ jù ú lọ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Sódíọ̀mù wà nínú ooru náà. Bí a bá fi ohun tí a mọ̀ lónìí ṣàlàyé rẹ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù tó fẹ́ gòkè ń gba iye kan náà tí èyí tó ń sọ̀kalẹ̀ ń san. Ó mú iye tirẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tó ń kọjá, ó fi èyí tó kù sílẹ̀. Nígbà tó bá sì ń dá a padà, ibi gbogbo ló ń fọ́n ọn sí. Bí àyè tirẹ̀ ṣe dúdú nìyẹn.

Ẹ ò rí nǹkan! Ní 1835, ọ̀mọ̀ràn ará Faransé kan, Auguste Comte, kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ aráyé ò ní lè mọ ohun tó wà nínú ìràwọ̀ láé. Ó kú ní 1857. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, èèyàn jókòó sílé ní Jámánì, ó ń sọ ohun tó wà nínú oòrùn bí ẹni tó yọjú wo inú ìkòkò ọbẹ̀.

Ní 1868, oòrùn wọ òkùnkùn lọ́sàn-án gangan ní ilẹ̀ Íńdíà, àwọn onímọ̀ sì gbé dígí wọn sí i. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n rí ìlà ìyeyè kan lára oòrùn, nítòsí ti sódíọ̀mù, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ti sódíọ̀mù. Kò sí ohun kan láyé tó ni ìtẹ̀ka yẹn. Norman Lockyer, ará Ìlú Ọba, ní ohun tuntun ni, wọ́n sì fi orúkọ oòrùn ní èdè Gíríìkì pè é ní hílíọ̀mù. Ọdún 27 kọjá. Ní 1895, William Ramsay rí i nínú òkúta kan nílùú London, ìtẹ̀ka kan náà! Òun ló wà nínú bàlúù ọmọdé tó ń gòkè fúnra rẹ̀ níbi ayẹyẹ. Inú oòrùn la ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ká tó mọ̀ ọ́n nílé.

Síbẹ̀ wọn ò tíì mọ̀ pé àtẹ̀gùn ló ń fà á. Johann Balmer, tíṣà ilé ìwé ní Switzerland, ṣírò àwọn ìlà háídírójìn ní 1885, ó rí i pé wọ́n ń tẹ̀ lé òfin nọ́ńbà kan. Ìdí rẹ̀ ò yé e. Ní 1913, ọmọ ọdún 27 kan láti Denmark, Niels Bohr, ló sọ pé ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù ní ipele tó lè dúró sí, ó sì ṣírò rẹ̀ kó bá nọ́ńbà Balmer mu. Ìṣirò gbèsè tí a ṣe lókè yẹn, tirẹ̀ ni.

Ọ̀RỌ̀ TÌRÓÒ WÁ DÉ

Ìyá ọmọ tuntun, mi ò gbàgbé yín. Òjé náà ní ìtẹ̀ka tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ga ju àlùkò lọ, ojú èèyàn ò lè rí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rí i. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà mọ̀ ọ́n ní ilé àyẹ̀wò rèé, Alan Walsh ti Ọsirélíà ló gbé e jáde ní 1955. Wọ́n á tan iná kan tí òjé wà nínú rẹ̀, tó jẹ́ pé àwọ̀ òjé ló ń yọ. Wọ́n á wá po ohun tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, ẹ̀jẹ̀ ni o, omi ni o, tìróò ni o, wọ́n á sọ ọ́ di ooru níwájú iná náà. Bí kò bá sí òjé nínú rẹ̀, àwọ̀ náà á kọjá bó ṣe wà. Bí òjé bá wà níbẹ̀, á gbé àwọ̀ ara rẹ̀ mì. Bí àwọ̀ tó sọnù bá ṣe pọ̀ tó ni òjé ṣe pọ̀ tó. Òjé ń jẹ́rìí sí ara rẹ̀.

Ẹ̀rọ àfọwọ́gbé tún wà. Wọ́n kàn máa nà án sí ilẹ̀ tàbí sí góòlù ni. Ìtànṣán ẹ̀kísíréè ló ń jù. Èyí á lé ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù kan kúrò ní ọ̀kan lára àwọn àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, èyí tó wà lókè á já sí àyè rẹ̀, á sì san iye tirẹ̀. Ìsanwó yẹn ni ẹ̀rọ ń kà. Irú ẹ̀rọ yìí ni wọ́n gbé lọ sí Zamfara ní 2010, nígbà tí àwọn tó ń wa góòlù ń lọ òkúta olójé lágbàlá ilé wọn láìmọ̀. Ó kéré tán, 400 ọmọ ló kú. Eruku lásán ni lójú àwọn ìyá wọn. Ẹ̀rọ ló fi hàn ibi tí òjé wà nínú ilẹ̀.

Tìróò ńkọ́? Òkúta dúdú tó ń dán tí wọ́n ń lọ̀ ṣe tìróò láti ayébáyé, òjé àti imí ọjọ́ ló para pọ̀ dà á. Bó bá mọ́ gaara, òjé lé ní 86 nínú 100 rẹ̀. Ní 2011, nílùú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù 6 kan tí àwọn òbí rẹ̀ ń lé tìróò fún. Nàìjíríà ni tìróò náà ti wá. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, òjé jẹ́ 82.6 nínú 100 rẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2012.

Òjé kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọmọdé. Ó ń ba ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ọmọ lè má sunkún, kó má gbóná, síbẹ̀ kí ẹ̀kọ́ má wọ orí rẹ̀ bó ṣe yẹ. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kan tí a mọ̀ pé kò léwu. Ọmọ ọwọ́ á fọwọ́ nu ojú, á ti ọwọ́ náà bọ ẹnu, ó ti gbé e mì nìyẹn.

Ẹ má bá ìyá ọkọ yín jà. Ìfẹ́ ọmọ ló ń mú wọn ṣe é, ìyá tiwọn ló sì kọ́ wọn. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo ohun dúdú tí wọ́n ń pè ní tìróò lọ́jà lónìí ni òkúta òjé. Ṣùgbọ́n ojú yín ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ojú tèmi náà ò lè yà wọ́n. Nọ́ọ̀sì yẹn gba yín nímọ̀ràn rere. Ẹ fi tìróò sílẹ̀ lójú ọmọ. Bí ẹ bá ti ń lé e fún un tipẹ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, kẹ́ ẹ sì bèèrè bóyá wọ́n lè yẹ òjé wò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, ẹ má lọ̀ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń dáná tàbí tí ọmọ ti ń rákò. Ẹ̀yin tí ẹ ń yọ́ òjé bátìrì tàbí òjé àwọ̀n ẹja, ẹ má gbé aṣọ iṣẹ́ yín wọ yàrá ọmọ.

Èèyàn lè parọ́ fún èèyàn. Ọjà lè wọ aṣọ ọjà mìíràn. Ṣùgbọ́n átọ̀mù ò lè yí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ padà, iye tó bá yẹ kó san ló máa san, yálà nínú iná ìdáná yín ni o, tàbí nínú oòrùn lókè.

Ẹ máa kọ̀wé sí wa. Ẹni tó bá ní ìbéèrè kó má tijú, ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.